Àgbàdo Pupa Tí Mo Fọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ óò ka ọ̀rọ̀ mi yìí, adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Mi ò mọ ọjọ́ tí wọn yóò wá mú mi, wọn kì í sọ ọ́ fún wa níbí. Bí bàtà wọ́dà bá ti ń dún bọ̀ láàárọ̀, gbogbo àwa tí ẹjọ́ wa rí bákan náà a pa ẹnu mọ́, a ó máa fetí sí ibi tí yóò ti dúró. Tí mo bá gbọ́ tí abọ́ dún, ọkàn mi á rọlẹ̀. Oúnjẹ ló gbé wá. Ṣùgbọ́n oúnjẹ náà kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi bó ṣe yẹ, nítorí pé oúnjẹ ni mo fi pa ènìyàn.

Mi ò kọ èyí láti fi bẹ̀bẹ̀. Ẹjọ́ tí wọ́n dá fún mi tọ́ sí mi. Mi ò yọ ọ̀bẹ sí ẹnikẹ́ni, mi ò gbé ìbọn. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n wá bá òun jẹun, mo kí i bí ọmọlúàbí ṣe ń kí ẹni tó ń jẹun, mo sì dúró wò ó títí ó fi jẹ ikú tán nínú abọ́. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Aláàárù ni mí ní Ọjà Àlàbá tẹ́lẹ̀. Fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n ni mo ń rù láti ara tírélà wọ ṣọ́ọ̀bù, títí ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí tí àwọn ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kò pè mí mọ́. Ìba, lẹ́bàá ọgbà yunifásítì, ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé wa tó lọ títí dé ẹnu àbàtà, kò sẹ́ni tó ń fi ṣe nǹkan kan àfi pàǹtí tí à ń dà síbẹ̀. Gbogbo wa ládùúgbò ń ra oúnjẹ tí wọ́n fi tírélà gbé wá láti ọ̀nà jíjìn, a sì ń pariwo pé oúnjẹ ti wọ́n jù. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó wo ilẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Obìnrin kan láti yunifásítì ló wò ó. Dókítà ni gbogbo wa ń pè é. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o, olùkọ́ ni, irúgbìn ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kí ẹni tí kò bá níṣẹ́ lọ́wọ́ jáde wá.

Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn wa, gbogbo iṣẹ́ tí à ń ṣe lórí àgbàdo nínú ọgbà wa lọ́hùn-ún, inú ìwé ló ń parí sí. Ẹ̀yin sì wà níbí, ẹ ò jìnnà sí wa rárá, ebi ń pa yín. Ojú ń tì mí. A ti bá àwọn onílẹ̀ sọ ọ́, wọ́n gbà. A ó pín ilẹ̀ yìí fún yín, a ó fún yín ní irúgbìn lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì dúró tì yín títí ẹ ó fi kórè."

Ọ̀rẹ́ mi Làmídì wà níbẹ̀. Ará Ògùn ni, bíríkìlà ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ní, "Dókítà, ẹ má bínú o. Ṣé bàtà funfun yìí lẹ fẹ́ wọ̀ kọ ebè?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó wọ inú ẹrẹ̀. "Ọkọ́ dà? Ẹ gbé e fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ bọ́ síbí ẹ wá máa rín in."

Làmídì ló kọ́kọ́ gbé ọkọ́ tẹ̀ lé e.

Báyẹn la ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó ìgbẹ́ àgbò wá láti ọjà ẹran ní Alaba Rago, wọ́n ń kọ́ wa bí a ó ṣe kó o jọ tí yóò jẹrà kó tó wọ ilẹ̀. Làmídì á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Àwọn bàbá yín ń sanwó ilé-ìwé, ìgbẹ́ lẹ̀ ń rù kiri Lagos!" Ọmọbìnrin kan nínú wọn dá a lóhùn pé, "Bàbá, ẹ dúró. Ìgbẹ́ yìí ló máa di ẹ̀gbo lẹ́nu yín." Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, àgbàdo wa yọmọ débi pé àwọn obìnrin ń wá láti Okokomaiko wá rà á lóko. Àwa tí à ń ra oúnjẹ di ẹni tó ń tà á. Mo rí Làmídì tó jókòó sórí òkìtì àgbàdo rẹ̀ bí ọba, tó ń pariwo sí àwọn oníbàárà pé kí wọ́n tò sórí ìlà.

Nígbà tó yá, Dókítà ní kí á yan ẹni tí yóò máa tọ́jú irúgbìn, tí yóò sì máa wọ̀n ọ́n fún oníkálukú. Làmídì nàka sí mi.

"Ẹni yìí ni. Ó kàwé díẹ̀, kò sì lójúkòkòrò."

Gbogbo ènìyàn ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá irúgbìn àti kóńgò tuntun kan tí yunifásítì rà. Láti ọjọ́ yẹn, Ọ̀gá Kóńgò ni Làmídì ń pè mí.

Irúgbìn náà pupa. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àgbàdo funfun ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi oògùn kòkòrò pa á lára, wọ́n sì pa á láró pupa kí ojú tó bá rí i lè mọ̀ pé kì í ṣe jíjẹ. Kò sí ìgbà tí a bá fẹ́ pín in tí Dókítà kò ní dúró níwájú wa bíi tíṣà àwọn ọmọdé.

"Àgbàdo pupa, ta ló ni ín?"

A ó ní, "Ilẹ̀ ló ni ín!"

"Ikùn ńkọ́?"

"Ikùn kò ni ín!"

Ọjọ́ kan ni Làmídì bi í pé tí èèyàn bá fọ̀ ọ́ ńkọ́. Ó ní, "Àwọ̀ yẹn lè ṣí. Oògùn kò ní lọ. Ó ti wọ inú ọmọ àgbàdo lọ." Ó wò mí bó ṣe ń sọ ọ́, nítorí èmi ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. "Bọ̀dá, ẹ gbọ́ o?"

Mo ní, "Mo gbọ́, Dókítà."

Mo gbọ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé mi ò gbọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ dán mi wò kéré débi pé ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Tí mo bá pín irúgbìn tán, díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù nísàlẹ̀ àpò. Ó yẹ kí n dá a padà. Ọkùnrin kan láti ọ̀nà Badagry, àgbẹ̀ bíi tiwa, ní kí n tà á fún òun kí òun lọ gbìn ín. Mo tà á. Mo sọ fún ara mi pé inú ilẹ̀ náà kúkú ni yóò lọ, ta ni mo pa lára? Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà tún dé, ìsàlẹ̀ àpò kò sì tó mọ́.

Ẹ mọ ohun tí àwọn kan ń ṣe sí kóńgò lọ́jà. Wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n á fi òòlù lu ìdí rẹ̀ títí yóò fi tẹ̀ wọnú. Tí wọ́n bá wọn nǹkan fún ọ, ẹnu rẹ̀ á kún, o ò ní mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ti ga sókè. Mo lu ìdí kóńgò yunifásítì. Nínú ilé mi ni mo ti lù ú, mo fi aṣọ dì í kó má baà dún. Ìyàwó mi bi mí pé kí ni mò ń lù, mo ní ìṣó kan ló yọ.

Ẹ̀yin ará, ohun tó korò jù nínú rẹ̀ ni èènì. Tí mo bá ti wọn kóńgò tán fún ẹnì kan, mo máa ń fi ọwọ́ bu díẹ̀ lé e lórí. Wọ́n á máa ṣàdúrà fún mi. Làmídì á ní, "Ẹ wò ó! Ọ̀gá Kóńgò wa, aláàánú ni." Mo jí i gbé nísàlẹ̀, mo bù ú fún un lókè, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó ṣe, yunifásítì na ọwọ́ ìrànlọ́wọ́ náà dé ọ̀nà Badagry. Oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í rí irúgbìn lọ́fẹ̀ẹ́, kò wá mọ́. Àgbàdo pupa tí mo ti jí pamọ́ pọ̀ nínú àpò lẹ́yìn ilé mi, mi ò lè dá a padà, mi ò sì rí ẹni rà á. Ọdún yẹn náà ni oúnjẹ tún gbówó lórí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yàrá méjì kan, búlọ́ọ̀kù ti dé ibi fèrèsé, ó dúró síbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá níbẹ̀ tí mò ń wò ó.

Ìyá Ẹlẹ́gbo, obìnrin tó ń se ẹ̀gbo àti ẹ̀wà tà lẹ́bàá títì ní Okokomaiko, pàdé mi. Ó máa ń ra àgbàdo lóko wa tẹ́lẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò ní àgbàdo funfun kankan? Èyí tó wà lọ́jà ò ṣeé sún mọ́. Àwọn oníbàárà mi ń bínú, wọ́n ní ṣíbí kan péré ni mò ń bù."

Mo ní, "Màá wò ó."

Ǹ bá kúkú ti sọ pé kò sí. Mo gbé dúrọ́ọ̀mù lọ sẹ́nu àbàtà, mo da àgbàdo pupa sínú rẹ̀, mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́. Omi náà pupa bí ẹ̀jẹ̀. Mo dà á nù sínú àbàtà, mo tún fọ̀ ọ́, mo tún dà á nù, títí àgbàdo fi funfun. Bí mo ṣe ń tẹ́ ẹ sínú oòrùn, mo bojú wẹ̀yìn. Àwọn ẹja kéékèèké ti ń léfòó nínú omi tí mo dà, ikùn wọn wà lókè. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo rí i. Mo fa koríko bò wọ́n. Mo ní sísè ni wọ́n máa se é, iná yóò pa oògùn náà. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Èmi ni mo nílò kó rí bẹ́ẹ̀.

Mo gbé e fún Ìyá Ẹlẹ́gbo. Ó bu díẹ̀ sọ́wọ́, ó yọ̀. "Ó mà funfun o! Ṣé ẹ fọ̀ ọ́ fún mi ni?"

Mo ní, "Mo fọ̀ ọ́ fún yín."

Ọjọ́ kejì, láàárọ̀, Dókítà pè mí lórí fóònù pé kí n bá òun ní oko Làmídì. Mo débẹ̀, mo bá gbogbo wọn: Dókítà, Làmídì, àti Rísíkà ìyàwó Làmídì. Ìdajì oko náà ni àgbàdo ti hù lọ́dún yẹn, ìdajì kejì koríko ni. Ẹni tó ń jókòó lórí òkìtì àgbàdo kò rí nǹkan kan gbé sílé. Ó ti jókòó sábẹ́ igi, abọ́ wà lórí itan rẹ̀.

Ó pariwo, "Ọ̀gá Kóńgò! Ẹsẹ̀ ẹ mọ́ o. Wá jẹun. Ẹ̀gbo ni, ti Okokomaiko. Èmi tí mò ń ta àgbàdo fún ẹlẹ́gbo tẹ́lẹ̀, ẹ wá wò mí o, èmi ni mò ń lọ ra ẹ̀gbo lọ́wọ́ ẹ̀!" Ó ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ó ní àgbàdo tuntun ló dé. Ó funfun bí eyín ọmọ tuntun."

Mo wo inú abọ́ náà, mo mọ àgbàdo mi.

Rísíkà nu ṣíbí kan, ó nà án sí mi. "Ẹ gbà á, Bàbá."

Mo ní, "Mo ti jẹun nílé."

Làmídì ní, "Irọ́! Ìwọ? Ìwọ tí o máa ń fá abọ́ mi kí n tó gbé ṣíbí kejì? Rísíkà, ẹni yìí ti dolówó, kò jẹ oúnjẹ wa mọ́. Dókítà, ẹ̀yin ẹ gbà tirẹ̀."

Dókítà gbà á. "Díẹ̀ ni o, mo ní kíláàsì." Ó fi ṣíbí kan sẹ́nu, ó sì kọjú sí mi. "Bọ̀dá, ohun tí mo ṣe pè yín nìyí. A wọn ilẹ̀ yìí kí á tó kó irúgbìn wá. Ohun tí a kó wá tó o, ó tún ṣẹ́kù. Làmídì ní irúgbìn tán lọ́wọ́ òun nígbà tí òun dé ìdajì. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ibẹ̀ ni gbogbo ayé mi ti dúró. Gbólóhùn kékeré kan péré ni mo nílò: Ẹ má jẹ ẹ́. Tí mo bá sọ ọ́, wọn ó bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Tí wọ́n bá bi mí, kóńgò yóò jáde, àpò ẹ̀yìn ilé mi yóò jáde, èènì mi yóò jáde. Mo wo ṣíbí bó ṣe ń lọ sẹ́nu ọ̀rẹ́ mi. Mo wo ojú Dókítà tó ń dúró de ìdáhùn.

Làmídì tún ní, "Wá jẹun jọ̀ọ́, má fi ebi pa ara ẹ."

Mo ní, "Á gba ibi ire o."

Ohun tí gbogbo wa ń sọ nìyẹn fún ẹni tó bá ní kí á wá jẹun tí a kò fẹ́ jẹ. Àdúrà ni, pé kí oúnjẹ náà gba ọ̀nà tó dára. Mo ṣe àdúrà yẹn lójú ikú ọ̀rẹ́ mi. Mo sì sọ fún Dókítà pé bóyá àwọn ẹyẹ ló wú irúgbìn jẹ, mo ní mo ní ẹni tí mo fẹ́ lọ rí, mo yára kúrò níbẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, Làmídì ti kú. Wọ́n ní ó ń bì, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́, òun tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Rísíkà kò tíì jẹun nígbà náà, ó ń dúró kí ọkọ òun jẹ tán. Wọ́n gbé Dókítà lọ sí ọsibítù, Ọlọ́run yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó rà á lẹ́bàá títì ṣàìsàn. Bọ́sẹ̀, ọmọ Ìyá Ẹlẹ́gbo, òun ló máa ń ha ìdí ìkòkò jẹ. Bọ́sẹ̀ kò yè é.

Àwọn ọlọ́pàá mú Ìyá Ẹlẹ́gbo. Wọn kò jẹ́ kó sin ọmọ rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé èmi ni mo ta àgbàdo fún òun, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo wo ojú obìnrin náà, irun rẹ̀ ti tú, mo ní, "Mi ò ta àgbàdo fún un rí."

Ó ní, "Bọ̀dá! Ẹ̀yin?"

Wọ́n gbà mí gbọ́. Ta ni kò ní gba Ọ̀gá Kóńgò gbọ́? Mo tẹ̀ lé wọn lọ síbi tí wọ́n ti sin Làmídì, mo bá wọn kó iyẹ̀pẹ̀.

Rísíkà ló tú àṣírí mi. Nígbà tí Dókítà lọ kí i, obìnrin náà ní, "Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kì í kọ ẹ̀gbo. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ Làmídì, kò kọ oúnjẹ wa rí. Ọjọ́ yẹn nìkan ló ní á gba ibi ire." Dókítà dìde. Ó ti gbé ìyókù ẹ̀gbo lọ sí láàbù wọn, ó sì ti mọ oògùn tó wà nínú rẹ̀. Ó wá sí yàrá irúgbìn pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá. Kò bá mi jà. Ó gbé kóńgò nílẹ̀, ó yí i padà, ó fi ọwọ́ pa ìdí rẹ̀ níbi tó ti tẹ̀ wọnú.

Ó ní, "Bọ̀dá, a kọ́ yín. Èwo ni a kò kọ́ yín dáadáa?"

Ní kóòtù, lọ́yà ìjọba kò bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Ó ní, "Nígbà tí o sọ pé á gba ibi ire, ṣé o mọ ohun tó wà nínú abọ́ yẹn?" Lọ́yà tèmi ti kọ́ mi ní ohun tí n óò sọ. Mo ṣíjú, mo rí Rísíkà, mo rí Ìyá Ẹlẹ́gbo tí wọ́n ti tú sílẹ̀, tó wọ aṣọ dúdú. Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n." Adájọ́ dá ìdájọ́ ikú fún mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má rò pé Làmídì àti Bọ́sẹ̀ nìkan ni mo pa. Nígbà tí ìyàwó mi kọ́kọ́ wá wò mí, ó ní oko ti kún fún koríko. Ìgbà tí yunifásítì tún kó irúgbìn wá, àwọn ènìyàn sá. Wọ́n ní irúgbìn ikú ni. Àwọn kan ti padà sórí okada, àwọn kan sí Àlàbá. Pàǹtí ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í dé orí ilẹ̀ náà. Iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ọwọ́ ara wọn kó ìgbẹ́ sí, èmi ni mo da májèlé sí i.

Ṣùgbọ́n ìyàwó mi tún padà wá, ó sì sọ ohun kan tí mi ò tíì bọ́ nínú rẹ̀. Ó ní Dókítà dúró pẹ̀lú àpò irúgbìn lójú gbogbo àdúgbò, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Rísíkà ló dìde. Ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀ ó ní kí wọ́n wọn tòun sí i. Ẹnì kan kígbe mọ́ ọn pé, "Ìwọ obìnrin yìí, ohun tó pa ọkọ ẹ nìyẹn!"

Rísíkà ní, "Àgbàdo kọ́ ló pa ọkọ mi. Ènìyàn ni."

Ó ti gbin oko náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyàwó mi ní kò sí ibì kankan tó ṣófo níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi lókùnrin lóbìnrin, ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn ọgbà rẹ̀, wọn yóò fi nǹkan kan lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan kí ẹ bá wọn pín in fún àwọn tí ebi ń pa. Ẹ má fi ọwọ́ kan ìdí kóńgò. Tí ẹ bá sì ti lù ú, tí ìtìjú bá dé, ẹ sọ̀rọ̀ nígbà tí ṣíbí kò tíì dé ẹnu ẹlẹ́nu. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ì bá ti tán lára mi. Làmídì ì bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, n bá sì máa gbọ́ ọ.

Ọkùnrin kan wà ní yàrá tó tẹ̀ lé tèmi níbí. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, ó máa ń kan ògiri, á ní, "Bàbá, ẹ wá jẹun o." Mo mọ ohun tó yẹ kí n fi dá a lóhùn. Mi ò lè sọ ọ́ mọ́. Mo máa ń jókòó jẹ́ẹ́ títí mo fi gbọ́ pé ó ti fi abọ́ lélẹ̀, mo sì máa ń fetí sí i bóyá ó ṣì ń mí.